Èyí Tó Ń Rùn àti Èyí Tó Ń Pani

Ìjù-Odò,
lẹ́bàá Òkìtìpupa.

Akínyọmí, ọmọ ọmọ mi,

Wọ́n ní bí èèyàn bá ń kọ lẹ́tà, kó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Mi ò béèrè tìrẹ. Súlè awakọ̀ ti sọ fún mi pé ara rẹ le, pé o tún ń sanra. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú náà tutù kí n tó sọ ohun tí mo ní í sọ. Jẹ́ ká fi ìkíni sílẹ̀.

O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ẹnu ni tèmi. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ jẹ́ ti Ọmọ́wùmí, ìyàwó rẹ. Ìwọ náà mọ ìkọ̀wé rẹ̀. Mo lè ní kí tíṣà ìjọ bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yé ọ, bí o ti ń kà á lọ, pé gbogbo ohun tí o sọ nípa obìnrin yìí, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mi tó ń fi kálàmù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ká fo àwọn ibì kan. Mo ní kó má fo nǹkan kan.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá, èmi àti àwọn obìnrin kan jókòó síwájú ilé, a ń pa ẹ̀kùrọ́, ni ọkọ̀ Súlè bá dúró. Ọmọ́wùmí sọ̀ kalẹ̀, àpótí rẹ̀ lọ́wọ́. Súlè sọ̀ tẹ̀ lé e, ó ń fi fìlà nu ojú. O mọ Súlè, ọmọ ìdílé àwọn Mùsùlùmí tó ń ta epo létí ọjà. Ọmọlúàbí ni. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ìyá, tíṣà ọmọ ọmọ yín ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín.”

“Jẹ́ ẹ.”

“Ìyá, bóyá ká wọlé.”

“Ṣé wọ́n jí iṣẹ́ náà gbé ni? Jẹ́ ẹ níbi tí o wà.”

Ó wolẹ̀. “Tíṣà ní wọ́n ti mú òun láti lọ kọ́ iṣẹ́ iná àtọ́míìkì lókè òkun. Ó ní kí ìyàwó máa gbé ọ̀dọ̀ yín títí òun yóò fi dé. Ó ní…” Ó tún wolẹ̀. “Ìyá, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ ni mò ń jẹ́. Ó ní ara ìyàwó ń rùn bí ẹja, òun ò sì lè mú un dé àárín àwọn òyìnbó.”

Òkúta dúró lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìyá Démọlá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wá béèrè pé, “Ẹja tútù ni àbí ẹja gbígbẹ?” Mo ní kó kó ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé ọkọ rẹ̀, kó lọ béèrè irú ẹja tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Mo bi Súlè pé níbo lo ti rán an níṣẹ́ yìí. Ó ní ní gáréèjì ni, ní Ìbàdàn, àwọn èrò ti wà nínú ọkọ̀, o na ọrùn wọlé lójú fèrèsé, o sọ ọ́, o sì lọ. Ó ní kí wọ́n tó dé Oǹdó, ìyá kan tó jókòó ti Ọmọ́wùmí ti dìde lọ sẹ́yìn. Ní Ọrẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ̀ jẹun, ẹni tó ń ta oúnjẹ ti gbọ́ kó tó bu oúnjẹ fún un. Kí ọkọ̀ tó dé Òkìtìpupa, wọ́n ti ní idán ni, wọ́n ní ọmọ odò ni. Ìwọ lo ṣe bẹ́ẹ̀. O fi gbólóhùn kan ṣoṣo rán obìnrin kan gba gbogbo ọ̀nà náà.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, mi ò sì ní wá a lọ jìnnà. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, o wá kí mi, o jókòó sórí àpótí níbi tí mo ti ń pa ẹ̀kùrọ́. O mú ẹyìn kan, o ní, “Ìyá, gbogbo ohun tí ẹ rí láyé yìí, nǹkan bíńtín bíńtín ló para pọ̀ tó dá a. Átọ́ọ̀mù là ń pè é. Ó ní kóró láàárín, bí ẹ̀kùrọ́ ṣe wà láàárín ẹyìn.”

Mo ní mo gbọ́.

“Kóró kan wà tó wúwo ju àwọn tó kù lọ, tí ara rẹ̀ kò gbà á dáadáa. Yuréníọ̀mù lorúkọ rẹ̀. Bí òkò kékeré kan bá bà á, á là sí méjì. Bó bá là, ooru ńlá á jáde. Òkò méjì tàbí mẹ́ta á sì tún fò jáde nínú rẹ̀, wọ́n á lọ ba àwọn kóró tó wà nítòsí, àwọn yẹn náà á là.”

“Ta ló ń dá a dúró?”

“Ọ̀pá ni, Ìyá. A ń ki ọ̀pá bọ àárín wọn, ọ̀pá náà ló ń gbé àwọn òkò mì. Bá a bá fẹ́ kí iná náà pọ̀, a ó fa ọ̀pá sókè. Bá a bá fẹ́ kó rọlẹ̀, a ó tì í wọlé. Iná náà ló ń se omi, ooru omi ló ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ló ń fún ìlú ní iná mànàmáná.”

“Bí kò bá wá sí ọ̀pá ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ náà á gbóná títí á fi yọ́, Ìyá. Á ba gbogbo àdúgbò jẹ́.”

Inú rẹ dùn lọ́jọ́ náà. Inú tèmi náà dùn, mo ní ọmọ ọmọ mi gbọ́n. Wàyí o, ọlọ́gbọ́n, níbo ni ọ̀pá tó wà lẹ́nu rẹ lọ ní gáréèjì? Òkò kékeré kan lo jù sínú ọkọ̀ Súlè. Ó ba ìyá tó jókòó tì í, ó ba olóúnjẹ, ó ba Ìyá Démọlá, olúkúlùkù sì tún ju tirẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà máa ń sọ fún wa pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tìrẹ burú ju ẹyin lọ, nítorí ẹyin tó fọ́ kì í fọ́ ẹyin mìíràn. Èmi náà ṣìṣe ní tèmi, èmi ni mo ní kí Súlè sọ ọ́ níta gbangba. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ jùkò.

Ó kan èkejì. Nígbà tí Súlè lọ tán, mo pe ìyàwó rẹ wọ yàrá, mo ní kó sún mọ́ mi. Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́rùn, mo gbóòórùn rẹ̀ láwọ̀. Kò mira, bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ewúrẹ́ wò lọ́jà ló rí.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Ìyá?”

“Mo gbọ́ ọ.” Mi ò kì í purọ́ fún èèyàn kí inú rẹ̀ lè dùn. Ó ń rùn, bí ẹja tí oòrùn pa díẹ̀. “Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù ú lọ. Bàbá bàbá ọkọ rẹ kì í fọ ẹsẹ̀ bó bá ti oko dé, ọmọ mẹ́fà ni mo sì bí fún un.”

Ó rẹ́rìn-ín. Súlè ní láti Ìbàdàn kò tíì sọ̀rọ̀, ká má tíì wá sọ ti ẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọrùn rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti bó. Mo ní kí ló jó o. Ó ní àwọn obìnrin ilé yín ní Ìbàdàn ló ní kó máa fi ọṣẹ dúdú fọ ara, èyí tí eérú rẹ̀ mú dáadáa, kó fọ̀ ọ́ láàárọ̀, kó fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, kó fọ̀ ọ́ lálẹ́. Ó ní ìwọ lo ń fún un lówó ọṣẹ. Ó ní bó ti ń fọ̀ ọ́ tó ni òórùn náà ń le sí i, ìwọ sì ń sọ pé kò fọ̀ ọ́ dáadáa.

Akínyọmí, ibí ni inú ti bí mi jù. Mo bi í pé, “Ṣé kò sọ ọ̀rọ̀ ààrò fún ọ?” Ó ní, “Ààrò wo, Ìyá?”

Mo wá rí i pé èmi nìkan lo sọ ọ́ fún. O bá mi ní ìdáná, mo ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sára ẹja. O ní ṣé mo mọ ìdí tí òórùn fi ń lọ. Mo ní mi ò mọ̀, ẹja ń dùn, ó tó mi. O ní kí n dákẹ́ kí o là mí lọ́yẹ̀. O ní òórùn ìtọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀, amónyà ni, pé nínú rẹ̀, nǹkan kan wà tí orúkọ rẹ̀ há mi lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja, naitirójínì, tí hàìdirójínì mẹ́ta yí ká bí òkúta ààrò. Bí èèyàn bá yọ òkúta kan, tó fi òkúta mìíràn tó ní kábọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe amónyà mọ́, ó ti di amíìnì. Bó bá yọ méjì, amíìnì ni. Bó bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, amíìnì náà ṣì ni, irú èyí ló sì ń rùn lára ẹja. O ní àwọn òyìnbó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe aró aṣọ, wọ́n ń fi ṣe oògùn, pé kì í ṣe ohun ìdọ̀tí lásán. O ní ààrò náà ṣí sílẹ̀ lókè, kíkan inú ọsàn, tí ẹ ń pè ní ásíìdì, sì máa ń gbé ìkòkò kékeré kan kà á. Bí ìkòkò bá ti gúnwà, amíìnì náà ti di irú iyọ̀ kan, kò lè fò dé imú èèyàn mọ́. O wá gbọ́wọ́ sókè bí oníwàásù, o ní, “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da omi eérú sí i, Ìyá, eérú á sọ ìkòkò náà kalẹ̀, òórùn á tún dìde.”

Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Èmi arúgbó tí kò bi ọ́, lo là lọ́yẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tó ń sùn tì ọ́, tó ń fi eérú bó awọ ara rẹ̀ nítorí rẹ, o ń fún un lówó ọṣẹ. Kí lo wá ń fi ìmọ̀ ṣe? Ṣé kí àwọn èèyàn lè pè ọ́ ní tíṣà ni? Ìmọ̀ tí èèyàn kò lè mú wọ inú ilé rẹ̀, aṣọ àyálò ni. Mo ní kí Ọmọ́wùmí fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Ó ní ó ti fà á.

Mo gba ọṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ìwẹ̀. Ó dín. Kò tán, mi ò sọ pé ó tán. Awọ ọrùn rẹ̀ ti ń jinná.

Ẹ̀kẹta, kí o má lọ rò pé àìmọ́tótó ni, tàbí pé nítorí bàbá rẹ̀ ń yan ẹja ní Igbókòdá ni. Mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ nìyẹn. Àwọn èèyàn wa níbí a máa fi àwọn ará etídò ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á sì padà lọ ra ẹja wọn jẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, tí kò dé etí òkun rí, ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Akotogbo, bẹ́ẹ̀ gan-an lòun náà ṣe ń rùn. A bí i mọ́ ọn ni. Nígbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀, ó máa ń le sí i. Nígbà tó bá jẹ ẹja, ó máa ń le sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kíyè sí i tó sì fi ẹja sílẹ̀, ẹran ìgbẹ́ ló fi ń jẹ pupuru títí ó fi kú. Àwọn ìyálé rẹ̀ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọkọ, wọ́n ní kó lé e lọ. Ọkọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń fọ epo pupa nínú kòtò tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn lọ́jọ́ náà, kò gbé orí sókè. Ó ní, “Ìyàwó mi kò rùn. Imú yín ló gùn.” Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò kàwé, kò mọ amíìnì. Òórùn kan náà ló ń gbọ́ tí wọ́n ń gbọ́, imú wà lójú òun náà. Ó kàn mọ ẹni tí òun fẹ́ ni.

Èmi ńkọ́? Bí àgbà bá ń gba ọmọ níyànjú, wọ́n ní kó sọ ti ara rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọkùnrin kan láti Ìrẹ̀lẹ̀ wá fẹ́ mi, mo kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń kólòlò. Mo fẹ́ bàbá bàbá rẹ nítorí eyín rẹ̀, ó funfun bí ọmọ àgbọn. Eyín náà ti bọ́ tán kí bàbá rẹ tó mọ ìrìn. Mi ò sunkún lé e. Ohun tí mò ń sọ ni pé ara ń yí padà, ti ìwọ náà yóò yí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò máa rùn, ti àgbà, ti àìsàn, ta ni yóò sì wẹ̀ ọ́? Ṣé ẹ̀rọ àtọ́míìkì?

Èyí tó kàn kò ní nọ́ńbà, torí mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Lọ́jọ́ tí o ń sọ ti yuréníọ̀mù, mo bi ọ́ pé báwo lòórùn rẹ̀ ṣe rí. O ní, “Kì í rùn, Ìyá.”

“Ó ń pariwo?”

“Kì í pariwo.”

“Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ pé ó wà nínú yàrá?”

O ní ẹ ní ẹ̀rọ kan tó máa ń ta pó-pó-pó. O ní bí ìtànṣán rẹ̀ bá wọ ara èèyàn ní àpọ̀jù, ó lè jó o nínú kó má mọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàìsàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Mo ní eérú rẹ̀ ńkọ́, torí kò síná tí kò léérú. O ní eérú rẹ̀ le jù, pé yóò máa gbóná fún ìgbà tí ọmọ ọmọ ọmọ wa kò ní bá tán, pé inú irin àti òkúta ni wọ́n ń bò ó mọ́. O ń rẹ́rìn-ín bí o ti ń sọ ọ́.

Mi ò ní kí o má lọ. Lọ. Bí iná náà bá lè tan ìmọ́lẹ̀ fáwọn èèyàn, kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Má fa ọ̀pá sókè nítorí pé ọ̀gá kan ní kí o yára. Má dáná tí o kò tíì mọ ibi tí o máa da eérú rẹ̀ sí, nítorí ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo fẹ́ kí o padà wá láàyè, kí n lè bá ọ jà lójúkojú.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò yé mi nìyí, mo sì ti rò ó títí. Ohun tí kì í rùn, tó ń pani, ìwọ ń wọkọ̀ òkun lọ bá a, o fẹ́ máa bá a gbé, o fẹ́ máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ohun tó ń rùn díẹ̀, tí kò pa adìyẹ kan láti ọjọ́ tó ti dáyé, o sá fún un, o ní kí wọ́n gbé e padà fún arúgbó. Imú rẹ ló ń darí rẹ, Akínyọmí. Ajá ni imú máa ń darí.

Mo fẹ́ parí rẹ̀ síbí. Mo sọ fún Ọmọ́wùmí pé kó kọ ọ́ báyìí: “Wá sí Ìjù-Odò kí o tó wọkọ̀ òkun, wá mú ìyàwó rẹ lọ́wọ́ mi, yóò bá ọ lọ.” Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó gbé kálàmù sílẹ̀.

“Kí ló dé? Ṣé yíǹkì ti tán ni?”

“Kò tán, Ìyá. Mi ò lè kọ ìyẹn ni.”

“Nítorí kí ni?”

“Kò tíì sẹ́ni tó bi mí bóyá màá bá a lọ.”

Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ dùn mí. Ilé mi ló wà, èmi ni mò ń jà fún un láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ìwọ lé e wá, èmi ń lé e padà, bí ẹni ń da epo láti ìgò sí ìgò. Mo ní, “Kí lo wá fẹ́ ká kọ?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ná, màá kà á fún yín.”

Ó kọ ọ́, kò pẹ́. Ó sì kà á. Mo ní kó má yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Òun nìyí:

“Akínyọmí, ọ̀la ni màá lọ sọ́dọ̀ bàbá mi ní Igbókòdá. Mi ò sá lọ, Ìyá mọ̀. Màá dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ rẹ yóò fi gbéra. Bí o bá fẹ́ mi, má rán ẹnikẹ́ni. Wá fúnra rẹ, dúró síwájú bàbá mi, kí o sì sọ fún un lójú mi ohun tí o sọ ní gáréèjì, bí o ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí o bá lè sọ ọ́ tán tí ojú kò tì ọ́, máa bá ìrìn àjò rẹ lọ, kò sí ìjà. Bí ojú bá tì ọ́, jókòó. Nígbà yẹn ni màá gbọ́ ohun tí o ní í sọ, màá sì sọ tèmi.”

Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ti tẹ ìka mi sísàlẹ̀.

Èmi ni,
ìyá tó bí bàbá rẹ.